Ẹ̀kọ́: Ìfọ̀kànbalẹ̀ àti Ìlera Ara

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àníyàn a máa lé oorun lọ lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ara pamọ́ sí wa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ìkínní: Ìpalára àníyàn. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kékeré méjì tí ó wà lórí kídìnrín, wọn a sì da oje wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a máa lù kìkì, mímí a yára, ara a sì múra láti jà tàbí láti sá. Èyí dára bí ejò bá dínà. Ṣùgbọ́n bí gbèsè tàbí ẹjọ́ bá mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru, oorun a bàjẹ́, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì máa ga sókè.

Ìkejì: Ohun tí ó ń dẹ ara lọ́rùn. Ní 1975, Herbert Benson, oníṣègùn ní Harvard ní Amẹ́ríkà, kọ́ ènìyàn nínú ìwé rẹ̀ pé kí wọn jókòó jẹ́ẹ́, kí wọn sì máa tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ bí wọ́n ti ń mí. Ní 2001, Luciano Bernardi ará Ítálì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ènìyàn 23 wò. Bí wọ́n ti ń gba àdúrà Rósárì ní èdè Látìn, mímí wọn rọ̀ sí bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tí ara fi ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Ìkẹta: Ti ọpọlọ. Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ ní Massachusetts ní 1979. Ní 2011, àwọn kan kéde pé ẹ̀kọ́ náà yí ẹran ọpọlọ padà; ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tóbi jù ú lọ, ní 2022, kò rí ìyípadà náà. Nítorí náà, kò yẹ kí a bù mọ́ ọn.

Ẹ kíyèsí èyí gidigidi: ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀kọ́ yìí pa oògùn rẹ̀ tì. Alábàárìn oògùn ni ìfọ̀kànbalẹ̀, kì í ṣe arọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lo oògùn, tí kò sì fún ara rẹ̀ ní ìsinmi, òun pẹ̀lú kò tíì ṣe tó.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni a ń jókòó jẹ́ẹ́ lóòjọ́, àní fún ìṣẹ́jú 10 péré?