Kí Owó Wà Lọ́wọ́, Kó Má Wà Lọ́kàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà Róòmù ti kú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nípa ọkàn àti owó wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù.

1. Ẹ kọ́ bí a ṣe ń gbé láìní. Olówó rẹpẹtẹ ni Seneca, olùkọ́ Nero ọba Róòmù. Síbẹ̀, nínú ọ̀kan nínú lẹ́tà 124 tó kọ sí Lucilius ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kó ya ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀, kó jẹ oúnjẹ tálákà, kó wọ aṣọ yẹpẹrẹ, kó wá bi ara rẹ̀ bóyá ohun tó ń bà á lẹ́rù náà nìyí. Ìgbà tí nǹkan rọ̀ṣọ̀mù ló ní kó ṣe é, kì í ṣe ìgbà tí ìyà bá dé. Ẹni tó ti dán an wò pé gààrí lásán kò pa òun, ọ̀gá kankan kò lè fi ìbẹ̀rù àìríṣẹ́ mú un fọwọ́ sí ìwé èké. Àwọn kan bú Seneca pé ọrọ̀ rẹ̀ ta ko ẹ̀kọ́ rẹ̀, mi ò sì lè sọ pé wọ́n purọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ dá ọrọ̀ náà padà fún Nero, ọba ló kọ̀. Ní ọdún 65, Nero pàṣẹ pé kí Seneca pa ara rẹ̀.

2. Bí inú bá bí yín, ẹ ní sùúrù ná. Ìwé mẹ́ta ni Seneca kọ lórí ìbínú, ìdádúró ló sì pè ní oògùn rẹ̀.

3. Ẹ má ta ìwà yín. Ẹrú ni Epictetus ní Róòmù kó tó di olùkọ́ ní Nicopolis. Nígbà tí olè jí àtùpà irin rẹ̀ gbé, ó ní òun á ra ti amọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lójú rẹ̀, olè náà ló pàdánù jù, torí ìwà ọmọlúàbí ló fi ra àtùpà.

4. Ẹ kọ́kọ́ fi ti ara yín sílẹ̀. Marcus Aurelius jọba ní Róòmù láti ọdún 161 sí 180. Ogun gbọ́n àpò ìjọba gbẹ. Ìtàn àtijọ́ sọ pé dípò kó bu owó orí lé aráàlú, ife wúrà ààfin àti aṣọ sílíìkì ìyàwó rẹ̀ ló kó jáde tà ní gbàǹjo, ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní ti Trajan ní ìlú Róòmù. Ẹ̀yin tí ipò yóò dé ọwọ́ yín lọ́la, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò mẹ̀kúnnù, ti ilé yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tà.