Oògùn Apakòkòrò àti Owó Ìwòsàn

Nígbà tí a gba ìsinmi tó kọjá, mo bá ìyá àgbà mi ní Ilé-Ogbó, ọ̀fìnkìn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Oògùn mẹ́rin ni ilé ìwòsàn kan ti kọ fún wọn. Oògùn apakòkòrò ni méjì nínú rẹ̀, ọ̀kan sì jẹ́ abẹ́rẹ́. Owó àgbàdo tí màmá mi tà ni wọ́n fi san án. Ọ̀fìnkìn náà kò lọ títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Kòkòrò àrùn" ni à ń pe bakitéríà, "kòkòrò àrùn" náà ni à ń pe fáírọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀, bakitéríà nìkan ni oògùn apakòkòrò yìí ń pa. Fáírọ́ọ̀sì ló sì ń fa ọ̀fìnkìn. Ta ni yóò wá sọ fún ìyá àgbà pé oògùn apakòkòrò kò pa kòkòrò?

Òfò náà kò mọ síbẹ̀. Bakitéríà tí oògùn kò bá pa tán, èyí tó le nínú wọn á yè, á sì máa bí irú ara rẹ̀. Ní 1945 tí Alexander Fleming tó ṣàwárí pẹnisílìnì gba ẹ̀bùn Nobel, ó kìlọ̀ nípa ẹni tó bá ń lo ìwọ̀n tí kò tó. (Kápúsù méjì-mẹ́ta tí à ń rà ní kẹ́mísìtì ńkọ́?) Bí oògùn pọ́ọ́kú kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, èyí tó wọ́n ló kù, aláìsàn á sì pẹ́ lórí ibùsùn. Lẹ́yìn tí GlaxoSmithKline kéde ní 2023 pé àwọn kò ní tajà fúnra àwọn ní Nàìjíríà mọ́, a rí bí owó Augmentin ṣe fò sókè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé pín àwọn oògùn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta ní 2017: èyí tí a ó kọ́kọ́ lò, èyí tí a ó máa ṣọ́, àti èyí tí a ó fi pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Ilé ìwòsàn tó bá ń ṣọ́ oògùn lò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ ti ẹgbẹ́ kẹta láìjẹ́ pé ọ̀gá dókítà fọwọ́ sí i. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò: bí kì í bá ṣe bakitéríà, wọ́n á dá a dúró, bí aláìsàn bá lè gbé nǹkan mì, wọ́n lè fi oníhóró rọ́pò abẹ́rẹ́. Owó síríńjì àti ti omi tí à ń fà sára dín kù nìyẹn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dá oògùn dókítà dúró fúnra rẹ̀ o!

Èrò tèmi ni pé kí a fi "kòkòrò" sílẹ̀ fún bakitéríà, kí fáírọ́ọ̀sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Kí ni kí n wá bi dókítà?" Mo ní kí wọ́n béèrè bóyá kòkòrò ni àbí fáírọ́ọ̀sì. "Fárọ́sì" ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé ìbéèrè náà.