Òfin Inú Ìwé àti Àṣà Orí Pápá: Eré Gọ́ọ̀fù ní Ilẹ̀ Táílàǹdì

Ní Don Mueang, ní ìhà àríwá Bangkok tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Táílàǹdì, pápá gọ́ọ̀fù kan wà láàárín ọ̀nà méjì tí bàálù ń sáré lé. Àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ náà ni ó ni ín. Kò sí ògiri tí ó pààlà sáàárín ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù àti bàálù tí ń bọ̀ láti òkè. Iná pupa nìkan ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí iná náà bá tàn, gbogbo ẹni tí ó wà lórí pápá yóò dúró jẹ́ẹ́, ìbáà ṣe ọ̀gágun, ìbáà ṣe àlejò òkè òkun, títí bàálù yóò fi balẹ̀ tí yóò sì kọjá. Ìwé òfin gọ́ọ̀fù kò sọ̀rọ̀ kankan nípa iná yìí, síbẹ̀ kò sí òfin tí àwọn tí ń ṣeré níbẹ̀ ń pa mọ́ tó o.

Nínú eré gọ́ọ̀fù, ọ̀pá ni ènìyàn fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le bí òkúta, títí yóò fi kó sínú ihò tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ihò méjìdínlógún ni ó wà lórí pápá tí ó pé, ẹni tí ó bá sì gbá bọ́ọ̀lù ní iye ìgbà tí ó kéré jù lọ ni ó borí. Ní ìlú Leith ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1744, òfin náà kò sì ju mẹ́tàlá lọ nígbà náà. Lónìí, ẹgbẹ́ méjì ni ó jùmọ̀ ń ṣe àkóso rẹ̀ fún gbogbo ayé: R&A tí ó wà ní St Andrews, àti USGA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n tún ìwé òfin náà ṣe gidigidi ní 2019, wọ́n sì tún fọwọ́ kàn án ní 2023. Ohun tí ó ya eré yìí sọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí rẹfirí tí yóò fọn fèrè. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ni ọlọ́pàá, òun ni adájọ́, òun náà sì ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti ọwọ́ rẹ̀ yí kúrò ní ipò nínú igbó, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Eré yìí kì í ṣe ohun tuntun ní Táílàǹdì. Ní 1924 ni wọ́n ṣí pápá Hua Hin, ìlú kan létí òkun tí rélùwéè sọ di ibi ìgbafẹ́. Ní ìlú yìí kan náà ni Ọba Prajadhipok kọ́ ààfin rẹ̀ sí, tí ó sọ ọ́ ní Klai Kangwon, èyí tí ó túmọ̀ sí ‘Ibi tí ó jìnnà sí àníyàn.’ Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ibi tí ọba ti ń gbá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti wá sọ fún un, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Òkúdù 1932, pé àwọn kan ti gba ìjọba ní Bangkok.

Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ya àlejò lẹ́nu ni ọ̀ràn kádì, èyíinì ni ẹni tí ń bá agbábọ́ọ̀lù tọ́jú ọ̀pá. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá ilẹ̀ náà, ó di dandan kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba kádì tirẹ̀. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Wọn a wọ aṣọ alápá gígùn, fìlà gbòòrò àti ìbọ̀wọ́, wọn a sì fi aṣọ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí oòrùn, tí ó fi jẹ́ pé ojú nìkan ni ènìyàn ń rí. Kádì ni yóò sọ bí ihò ti jìnnà tó, òun ni yóò mú ọ̀pá tí ó yẹ wá, òun ni yóò wo ibi tí bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ìtòsí ihò, níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ bí ẹní, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò nu bọ́ọ̀lù náà, yóò wo bí ilẹ̀ ti dagun sí, yóò sì tún un gbé kalẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kádì tí ó ti ń rin pápá kan láti ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni òfin fi àyè gbà. Kádì lè gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn, láti 2023 sì ni òfin ti fún un láyè láti dá bọ́ọ̀lù tí ọ̀gá rẹ̀ gbé padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ààlà kan wà tí ojú lásán kò tètè rí. Nítorí pé oòrùn ibẹ̀ mú, kádì a máa ṣí agboòrùn sórí ọ̀gá rẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Bí ó bá ṣì di agboòrùn náà mú lé e lórí nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ti rú Òfin 10. Bí ọ̀gá náà bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan di agboòrùn, tí ó fi ọwọ́ kejì gbá bọ́ọ̀lù, kò rú òfin kankan! Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò rò pé àwàdà ni.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti bọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sí ibi tí kò dára. Ní àkókò òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, òfin gba ìgbìmọ̀ pápá láyè láti ṣe òfin àdúgbò pé kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa gbé bọ́ọ̀lù tí ó wà lójú ọ̀nà, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì tún un gbé kalẹ̀ láìsí ìtanràn. Ohun tí ìgbìmọ̀ kọ sílẹ̀ ni èyí, ó ní ibi tí ó mọ, ó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣeré fún ìgbádùn a máa nà án bí awọ. Òjò a dá, ilẹ̀ a gbẹ, wọn a ṣì máa gbé bọ́ọ̀lù. Bí ó bá pẹ́, wọn a máa gbé e nínú igbó pẹ̀lú. Nígbà mìíràn kádì ni ó máa ń fi ẹsẹ̀ tì í sórí koríko tí ó dára kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ọpẹ́ tí ọ̀gá yóò fún un nígbà tí eré bá parí jẹ́ apá pàtàkì nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ọ̀gá tí inú rẹ̀ dùn ni ó sì ń lawọ́. Síbẹ̀, ìwé òfin kò dárúkọ kádì nínú ìtanràn náà. Ọ̀gá ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kádì rẹ̀ dá.

Àwọn ọ̀rẹ́ tí ń ṣeré pọ̀ a tún máa ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilẹ̀ náà ti de tẹ́tẹ́ tí kò gba àṣẹ láti 1935. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni lọ́dọ̀ àwọn kan, lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí owó yìí ni wọ́n ṣe ń dá májẹ̀mú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: pé bọ́ọ̀lù tí ó bá kù díẹ̀ kó wọ ihò, kí wọ́n kà á sí èyí tí ó ti wọ̀, pé ẹni tí ó bá ṣi bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gbá, kí ó tún òmíràn gbá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni méjì ni ó ń figa gbága, ihò kan lẹ́yìn èkejì, òfin gbà kí ọ̀kan fi bọ́ọ̀lù tí ó kù díẹ̀ jin èkejì. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń ka gbogbo gbígbá pọ̀, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wọ ihò dandan. Òfin 1 tilẹ̀ sọ pé bí ènìyàn méjì bá mọ òfin kan, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti pa á tì, kí a lé àwọn méjèèjì kúrò nínú ìdíje.

Kí ènìyàn wá fojú inú wo àlejò kan tí ó bá àwọn ọmọ ilẹ̀ náà mẹ́ta ṣeré ní ọjọ́ Sátidé. Ó gbà sí májẹ̀mú wọn ní àárọ̀, bọ́ọ̀lù tirẹ̀ náà sì ti jàǹfààní rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tí ó ku ihò kan, tí ó rí i pé owó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó yọ ìwé òfin nínú àpò, ó ní kí ẹni tí ó gbàlejò òun gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dé inú ihò. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fi ihò sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì san owó. Àwọn ará Táílàǹdì ní ọ̀rọ̀ kan, kreng jai, tí ó jọ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìtìjú àti ìkónimọ́ra nígbà tí wọ́n bá parapọ̀: kí ènìyàn má fẹ́ ni ẹlòmíràn lára, kí ó má sì dójú tì í níwájú àwùjọ. Àlejò lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé òun kọ́ wọn ní òfin. Wọn kò pè é mọ́ ní Sátidé kejì.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìdíje ni, àlejò yìí ni ó jàre, kì bá sì tilẹ̀ dúró di ihò ìkẹyìn kí ó tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ nínú májẹ̀mú láàárọ̀, tí ó rántí ìwé nírọ̀lẹ́, owó ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe òfin.

Kádì tí ó gbé ọ̀pá fún àlejò náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà tí bọ́ọ̀lù bá fi ihò sílẹ̀, tí wọn yóò máa pariwo lé e lórí pé ó ṣi ilẹ̀ wò. Ìmọ̀ràn lásán sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ lójú òfin. Ẹni tí ó di ọ̀pá mú ni ó yan ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà. Nígbà tí eré bá parí, yóò ka ọ̀pá náà lójú ọ̀gá kí ó lè rí i pé ọ̀kan kò sọnù, yóò nu ìdọ̀tí ara wọn, yóò sì dúró. Bí ọ̀gá bá na owó sí i, kékeré ni tàbí ńlá, yóò pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, yóò tẹ orí ba, kí ó tó lọ wo bóyá ọ̀gá mìíràn ń dúró dè é.