Ẹ Ṣọ́ra fún Ooru Houston

Bí a bá ní kí àwọn òbí wa tó wá kí ọmọ ní Houston má jókòó síta lọ́sàn-án, wọ́n á ní oòrùn wo ni ojú àwọn ò rí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Harris County, níbi tí ìlú náà wà, kò jìnnà sí òkun Gulf of Mexico, ọ̀rinrin ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé wọ̀lú. Lóṣù Kẹjọ, ooru ọ̀sán sábà máa ń tó ìwọ̀n 35 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Lọ́dún 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 43. Bí òógùn bá gbẹ lára ni ara fi ń tutù. Níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ báyìí, òógùn kì í tètè gbẹ, ṣe ni ooru á há sínú ara.

Ilé ibẹ̀ náà kì í ṣe ilé onífèrèsé tí atẹ́gùn ń fẹ́ kọjá. Ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n gbójú lé nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní ọjọ́ 8, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ni kò níná ní Houston àti agbègbè rẹ̀. Ìjì ti lọ tán kí ooru inú ilé tó pa àwọn kan. Nítorí náà, bí iná bá lọ, ẹ tètè gbé àwọn àgbà lọ síbi tí iná wà. Ẹ pe 211, wọ́n á sọ ibi títutù tó ṣí sílẹ̀ fún aráàlú. Bí ara màmá bá gbóná janjan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò sì já gaara mọ́, ẹ pe 911 kíákíá, kí ẹ máa da omi tútù sí i lára. Ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún.

Jẹnẹrétọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. A ti mọ́ ọn lára láti ilé pé ẹ̀yìn kíṣìnì là ń gbé e sí kí olè má baà gbé e. Èéfín rẹ̀ tó ń pani, carbon monoxide, kò lóòórùn, kò sì ṣeé fojú rí. Ẹ gbé e jìnnà sílé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu sàláńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sílé. Ẹ má tàn án nínú gáréèjì, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Ti àgbàrá ńkọ́? Omi tó ń ṣàn tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Bí ẹ bá wakọ̀ kàn án lójú ọ̀nà, ẹ ṣẹ́rí padà. Adójútòfò ilé lásán kì í sanwó omíyalé, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe sì sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì ń wọlé. Ẹ ti sanwó adójútòfò náà kí oṣù Kẹrin tó parí.