Iyanrìn Ilé Ẹja Òkun

Bàbá Kékeré gbé àpótí dígí ńlá kan wá sí ilé ní Àjàṣẹ́. Ó fẹ́ fi sin ẹja òkun. Inú Kọ́lá àti Àṣàkẹ́ dùn púpọ̀.

« Bàbá Kékeré, ẹja náà dà? » Kọ́lá béèrè.

« Ẹja kò tíì dé. Ilé la kọ́kọ́ ń tọ́jú kí àlejò tó dé. »

Bàbá Kékeré sọ àpò iyanrìn kan kalẹ̀. Iyanrìn náà funfun. Ìkarahun tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkarahun yìí ń ṣèrànwọ́ kí omi má baà kan.

Kọ́lá bu iyanrìn ní ìkúnwọ́ kan. « Ó mọ́ tónítóní. Ẹ jẹ́ ká dà á sínú àpótí. »

Bàbá Kékeré bu iyanrìn díẹ̀ sínú ìgò. Ó bu omi sí i, ó sì dé e. « Gbà, mì í. »

Kọ́lá mi ìgò náà jìgìjìgì. Omi inú rẹ̀ wá funfun bí ẹ̀kọ mímu.

« Eruku nìyẹn, » ni Bàbá Kékeré wí. « Eruku lè dí ibi tí ẹja fi ń mí. »

Àṣàkẹ́ sáré lọ mú ọṣẹ wá.

« Rárá, ọmọ mi! Ọṣẹ ń pa ẹja. Omi nìkan la ó fi fọ iyanrìn. »

Wọ́n bu iyanrìn díẹ̀díẹ̀ sínú garawa. Wọ́n da omi sí i, wọ́n fi ọwọ́ rò ó bí ẹni ń fọ ìrẹsì. Wọ́n da omi ìdọ̀tí náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iyanrìn wúwo, ó jókòó sí ìsàlẹ̀. Eruku fúyẹ́, ó bá omi lọ.

Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ ń ro Kọ́lá. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹjọ, omi náà mọ́ gaara. Àṣàkẹ́ rí ìka ọwọ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ garawa.

Wọ́n tẹ́ iyanrìn náà sínú àpótí. Ó ga tó sàǹtímítà 3. Bàbá Kékeré po iyọ̀ mọ́ omi nínú garawa mìíràn: gíráàmù 35 fún lítà omi 1. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun ni, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ó gbé àwo kan lé orí iyanrìn, ó sì rọra da omi náà sórí àwo, kí iyanrìn má baà rú.

Ní ọjọ́ kejì, omi náà mọ́.

« Ṣé ẹja á dé lónìí? » Kọ́lá béèrè.

« Ó tì o. Àwọn ẹ̀dá tíntìntín kan ń gbé inú iyanrìn. Ojú wa kò lè rí wọn. Àwọn ló ń pa agbára májèlé inú ìdọ̀tí ẹja. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Nígbà kan, mo kánjú. Ẹja méjì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. »

Kọ́lá dákẹ́. Ó mú ẹfun, ó sì ń fa ìlà kan sára ògiri lójoojúmọ́.

Nígbà tí ìlà pé 42, Bàbá Kékeré yẹ omi náà wò. Ó dára. Ó gbé ẹja kékeré kan dé, aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun mẹ́ta. Ẹja náà wẹ̀ yí àpótí ká, ó sì sinmi lórí iyanrìn.

« Káàbọ̀, àlejò wa, » ni Kọ́lá wí.

Ìbéèrè
1. Kí ló mú kí omi inú ìgò funfun?
2. Kí nìdí tí a kì í fi ọṣẹ fọ iyanrìn ẹja?
3. Kí ni àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń ṣe nínú iyanrìn?
4. Kí nìdí tí Kọ́lá fi ń fa ìlà sára ògiri?

Ẹ ṣe é wò: Ẹ bu iyanrìn àti omi sínú ìgò kan. Ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀. Kí ló kọ́kọ́ jókòó sí ìsàlẹ̀?