Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwòrán yíyà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ ò tíì wo igi dáadáa tí ẹ ti ń fún ọ̀dà aláwọ̀ ewé jáde. Ta ló sọ fún yín pé ewé tí oòrùn ọ̀sán ń pa ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé?

Nígbà ooru ọdún 1905, ayàwòrán Henri Matisse lọ sí Collioure, ìlú àwọn apẹja létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ó sì ránṣẹ́ pe André Derain, ayàwòrán bíi tirẹ̀. Matisse ya fèrèsé kan níbẹ̀, àwòrán tí kò ga ju nǹkan bíi 55 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ògiri apá kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìkejì elésè-àlùkò. Omi tí ọkọ̀ apẹja ń léfòó lé sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Síbẹ̀, bí ẹ bá wò ó, ojú yín á fẹ́ ṣẹ́, bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án gangan.

Funfun niyì eyín, òun kọ́ niyì ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń da ọ̀dà funfun sí gbogbo nǹkan, àwòrán yín á rí bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ fi pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ ewé: méjèèjì á máa tan ara wọn. Ẹ pò wọ́n pọ̀: ẹrẹ̀ lẹ ó rí. Ibi tí oòrùn bá ti le jù, ẹ fi aṣọ tí ẹ ń ya àwòrán sí sílẹ̀ láìkùn, bí Matisse àti Derain ti ń ṣe ní Collioure. Òjìji ńkọ́? Derain kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Vlaminck, pé níbẹ̀ òjìji pàápàá kún fún ìmọ́lẹ̀.

(Ẹ má fi èyí ṣe àwáwí ọ̀lẹ o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Matisse fi da iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán kọ ní Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Páríìsì.)

Bí wọ́n bá sì fi yín ṣẹ̀sín, ẹ má sáré lọ tún un kùn. Lọ́dún 1905 yẹn kan náà ni Matisse gbé àwòrán ìyàwó rẹ̀, Amélie, tó dé àkẹtẹ̀, lọ sí ìpàtẹ ní Páríìsì, ọ̀dà aláwọ̀ ewé lójú, lórí imú. Àwọn èèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀. Louis Vauxcelles, alámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà, pe irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ ní ẹranko ẹhànnà. Ìdílé Stein, ará Amẹ́ríkà, ló ra àwòrán Amélie náà ní 500 fránkì.

Lọ́dún 1914, Matisse tún ya fèrèsé ní Collioure. Lọ́tẹ̀ yìí, dúdú ló kùn sí àárín rẹ̀, látòkè délẹ̀.