Àpótí Oògùn Ojú Ọ̀nà: Ẹ̀kọ́ Láti Ìgbèríko Ọsirélíà

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé kí a sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí àwa àti bàbá ilé wa lọ kí ọmọ wa obìnrin ní Brisbane, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 2019. Ìlú Brisbane tóbi, ó sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a rìn wọ inú ilẹ̀ náà lọ ni, níbi tí ilé kò ti pọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ a máa ra kárafáànù, èyíinì ni ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, àgbá omi wà. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé wọn, wọ́n á máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn fún oṣù mélòó kan. Grey nomads ni orúkọ wọn, bí ẹni pé alárìnkiri olórí ewú. Láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń lọ sí apá ibi tí a lọ, nítorí ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Ooru oṣù Kejìlá níbẹ̀ kì í ṣe eré. Ọkọ ọmọ wa bá wa yá kárafáànù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, a sì gbéra.

A gba Roma, Charleville, Blackall, Barcaldine àti Longreach kọjá, a dé Winton níbi tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Qantas sílẹ̀ ní 1920. Láti Brisbane dé Longreach nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 1,200. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wa ọkọ̀, bí a ti ń ṣe nílé wa kí ó tó di oṣù Kẹrin ọdún 1972. Bàbá, tí wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà ṣáájú ìgbà náà, ní àwọn ti padà di ọ̀dọ́mọkùnrin. Lọ́rì ibẹ̀ a máa fa ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, tí gígùn rẹ̀ lè lé ní mítà 50. Bí ó bá kọjá lára yín, kárafáànù á mì bí ọkọ̀ ojú omi. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, ẹ wá ibi dúró sí, nítorí àwọn ẹran kangarúù tí ń fò já ojú títì.

Omi ọ̀pọ̀ ìlú wọ̀nyí ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá, láti inú ibú omi ńlá tí ó lọ lábẹ́ ohun tí ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo Ọsirélíà. Ó ń gbóná, ó sì ń rùn. Ní Blackall, a rò pé ẹnì kan gbàgbé ẹyin sínú ilé ìwẹ̀ ni.

Nígbà tí a kúrò ní Winton ni ọ̀rọ̀ di ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ sí Cloncurry fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 350, abúlé kéékèèké méjì péré ni a sì rí lójú ọ̀nà. Lójijì, Bàbá dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní òòyì ń kọ́ àwọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti tán láti ọjọ́ márùn-ún, wọn kò sì sọ fún wa. Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí ń wa mọ́tò kékeré lọ sí ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì nílé, ṣùgbọ́n a kò wa ọkọ̀ tí ń fa ilé rí.

Tọkọtaya olórí ewú kan ni ó dúró tì wá. Ìyá náà, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ ìdí ọkọ̀ wa láìjanpata, ọkọ rẹ̀ wa tiwọn, ó di oko màlúù kan. Wọ́n tẹ dókítà láago, wọ́n sì gbé àpótí kan jáde. Dókítà béèrè pé oògùn wo ni Bàbá ń lò. Òòyì kò jẹ́ kí Bàbá lè dáhùn dáadáa, ni wọ́n bá kọjú sí wa. Ẹ̀yin ìyá, a kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a rí sọ ni pé funfun ni, ó sì kéré. Olùkọ́ tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ní kí ọmọ ọlọ́mọ kọ nǹkan sílẹ̀!

Àpótí náà ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ní 1917, darandaran kan, Jimmy Darcy, farapa ní Halls Creek ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà. Kò sí dókítà nítòsí, ni ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ bá fi ọ̀bẹ kékeré ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí dókítà kan láti Perth ń fi wáyà darí rẹ̀. Kí dókítà fúnra rẹ̀ tó dé, Darcy ti kú. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn Pásítọ̀ John Flynn, ará ìjọ Presbyterian. Ó tọrọ owó fún ọdún púpọ̀, títí ọkọ̀ òfuurufú dókítà àkọ́kọ́ fi gbéra ní Cloncurry ní oṣù Karùn-ún 1928. Alfred Traeger sì ṣe rédíò tí a ń fi ẹsẹ̀ wà bíi kẹ̀kẹ́ ní 1929, kí àwọn ará oko lè pe dókítà. Ní 1942 ni àpótí oògùn bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà wà lára oògùn kọ̀ọ̀kan, kí dókítà tí ó wà lọ́nà jíjìn lè sọ pé, "Ẹ mú nọ́ńbà báyìí," kí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ má ṣe ṣì í lò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún Bàbá. Wọ́n sùn síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ara ti balẹ̀, a sì lọ sí ọsibítù ní Cloncurry.

A bínú, a kò purọ́. A kò bá wọn sọ̀rọ̀ títí a fi kúrò ní ọsibítù. Ìgbà tí a béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní bí àwọn bá sọ ni, a ó ní kí a padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, fàráńdà ni ibùjókòó wọn, rédíò ni ọ̀rẹ́ wọn. Lójú ọ̀nà yìí ni a tún ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. A kò rí èsì fọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a jíròrò lórí èyí nínú kíláàsì wa: ta ni ó jẹ̀bi, ẹni tí ó fi pamọ́ ni, tàbí ẹni tí kò béèrè? Kí olúkúlùkù sì mú ìwé kékeré wá, kí ó kọ orúkọ oògùn ilé rẹ̀ sí i, iye mìlígíráàmù rẹ̀, àti ibi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì wà. Àwọn opó àárín wa yóò sọ fún yín ìdí rẹ̀.

Ìyá àgbàlagbà yẹn tún kọ́ wa ní ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì ní ibùdó kárafáànù ní Cloncurry. Títì í sẹ́yìn ni ó le jù: bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀yìn kárafáànù lọ sí ọ̀tún, òsì ni ẹ ó kọ́kọ́ yí sítẹ́árìn sí. A wó garawa onígaràwa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko wọn, Country Women's Association, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, ni ó kọ́ òun ní ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn ni ó ń tọrọ ilé ìsinmi àti ilé ìtọ́jú ọmọ ìkókó fún àwọn ìyá tí ó ń ti oko jíjìn wá sí ìlú, wọ́n sì ń ta búrẹ́dì kékeré àti tíì láti fi kó owó jọ.

Nígbà tí a ń padà, àwa ni a wa ọkọ̀ náà láti Cloncurry dé Winton. Ìrìn wa kò yá, àwọn lọ́rì ń fun fèrè sí wa. Bàbá jókòó lápá òsì pẹ̀lú ìwé kékeré náà, wọ́n ń ka orúkọ oògùn wọn sókè, àwa náà sì ń pè é tẹ̀lé wọn bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.